Kíláàsì IELTS Màmá Tíṣà ní Kàbbà: Ohun tí Mo Rí Gbà fún Owó Mi

Àròkọ tí mo kọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ní kíláàsì IELTS yìí, ìyẹn ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì fún ẹni tó fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ tàbí kàwé ní ìlú òyìnbó, ṣì wà lọ́wọ́ mi, inú Bíbélì mi ni mo ká a sí. Ọ̀rọ̀ 262 ni mo kọ. Màmá Tíṣà fi báírò pupa fa ìlà sábẹ́ ibi 31. Wọn ò kọ "kò dára" sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kankan. Ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan ni gbólóhùn Yorùbá tó wà lọ́kàn mi nígbà tí mò ń kọ Gẹ̀ẹ́sì náà. Mo kà á látòkè dé ìsàlẹ̀, ara mi bù máṣọ, nítorí bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe rò ó.

Agbẹ̀bí ni mí, ọmọ Mọ̀pà ní Ìpínlẹ̀ Kogí, Ìsánlú ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ó kéré tán, nọ́ọ̀sì 6 ló ti bi mí pé níbo ni mo ti kàwé, èló ni mo san, ṣé ó sì tó bẹ́ẹ̀. Mo ti ṣàlàyé lórí fóònù títí ó fi sú mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ibi tó dùn mọ́ mi àti ibi tí kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Kí n tó mọ Màmá, mo ti ṣe ìdánwò náà lẹ́ẹ̀kan ní Àbújá. Mo gba 7.5 nínú ìtẹ́tísílẹ̀, 7 nínú ìwé kíkà, 7 nínú ọ̀rọ̀ sísọ, àti 6 nínú ìwé kíkọ. Máàkì tó ga jù lọ nínú IELTS ni 9. Àjọ tó ń forúkọ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, NMC, ń béèrè 7 nínú mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn, 6.5 nínú ìwé kíkọ. Ààbọ̀ máàkì ló dá mi dúró. Owó ọkọ̀, owó ibi tí mo sùn, owó ìdánwò, gbogbo rẹ̀ wọlẹ̀ nítorí ààbọ̀.

Kì í ṣe pé n kò múra o. Mo ti sanwó fún kíláàsì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, n ò ní dárúkọ wọn. Àpẹẹrẹ àròkọ 40 ni wọ́n kó fún wa, wọ́n ní ká há wọn sórí. Mo há wọn, lóru, lẹ́nu iṣẹ́, níbi tí mo ti ń dúró de aboyún kí ó tó rọbí. Nígbà tí mo dé gbọ̀ngàn ìdánwò, ìbẹ̀rẹ̀ àròkọ mi dán, ìparí rẹ̀ náà dán, ṣùgbọ́n àárín, níbi tí mo ti ní láti sọ èrò ara mi, Gẹ̀ẹ́sì tèmi ló jáde níbẹ̀. Ẹni tó bá kà á yóò mọ̀ pé ènìyàn méjì ló kọ ọ́.

Kíláàsì Màmá kò ní pátákó lójú títì. Yàrá ìgbàlejò ilé wọn ni: àga oníke 14, pátákó dúdú kan, fáànù kan, fèrèsé méjì tó kọjú sí ìdí kajú. Aago 9 sí aago 1 lọ́jọ́ Sátidé, aago 3 sí 6 lọ́jọ́ Sọ́ńdè lẹ́yìn ìsìn. Ọ̀sẹ̀ 8 ni, ₦45,000 sì ni mo san. Wọ́n gbà kí n san án lẹ́ẹ̀mejì. Owó ìdánwò kò sí nínú rẹ̀. Bí mo bá parí iṣẹ́ alẹ́ ní Ìsánlú, mo máa ń wọ ọkọ̀ tààrà, oorun á ti gbé mi lọ kí a tó dé Àyétòrò Gbẹ̀dẹ, awakọ̀ ló ń jí mi ní Kàbbà.

Màmá ti fẹ̀yìn tì. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi ṣe tíṣà ilé-ìwé gíga, Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá ni wọ́n kọ́ àwọn ọmọ, méjèèjì pọ̀. Mo rò pé ibẹ̀ gan-an ni agbára kíláàsì yìí ti wá. Tí a bá wọlé, "Okun o", ìkíni ilẹ̀ wa, ni wọ́n fi ń kí wa, a ó dá wọn lóhùn, a ó jókòó, Gẹ̀ẹ́sì á sì bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí gbólóhùn ẹnìkan bá kọsẹ̀ nìkan ni wọ́n ń padà sí Yorùbá. Wọ́n á ní, "Kí lo fẹ́ sọ? Sọ ọ́ ní èdè ìyá rẹ." Ọmọ Owé á sọ ọ́ bí Owé, ọmọ Ìyàgbà á sọ ọ́ bí Ìyàgbà, Màmá á kọ ọ́ sí apá òsì pátákó, wọ́n á fa ìlà sí àárín, wọ́n á wá bi wá pé kí ni Gẹ̀ẹ́sì ń béèrè ní apá ọ̀tún tí Yorùbá kò béèrè. Gbogbo nóòtù wa rí bẹ́ẹ̀, ojú ewé kọ̀ọ̀kan ní ìlà láàárín.

Ẹ wo èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fà yọ nínú àròkọ mi. Mo kọ pé "Parents and teachers should help themselves." Mo fẹ́ sọ pé kí òbí àti tíṣà máa ran ara wọn lọ́wọ́. Ní Yorùbá, "ara wọn" ń jẹ́ iṣẹ́ méjì. Bí a bá ní àwọn ọmọ ń wo ara wọn nínú dígí, ẹnì kọ̀ọ̀kan ń wo ojú tirẹ̀. Bí a bá ní àwọn ọmọ ń bú ara wọn, èyí ń bú tọ̀hún, tọ̀hún ń bú èyí. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ọgbọ́n olùgbọ́ ló ń yà á sọ́tọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ya tirẹ̀ sọ́tọ̀: "themselves" fún ti dígí, "each other" fún ti èébú. Gbólóhùn mi sọ pé kí òbí ran ara rẹ̀ lọ́wọ́, kí tíṣà náà wá nǹkan ṣe sí ti ara rẹ̀, òdìkejì ohun tí mo ń jà fún nínú gbogbo àròkọ náà. Ọdún mélòó ni mo ti ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀? Láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò sí tíṣà tó sọ fún mi rí.

Láti ibẹ̀ wọ́n gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wá ní ọ̀wọ́wọ̀ọ́. "Yá" ni: mo yá ọ lówó, mo yá owó lọ́wọ́ rẹ, Gẹ̀ẹ́sì ní "lend" fún ẹni tó fún ni, "borrow" fún ẹni tó gbà, ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé "borrow me your pen". "Kọ́" ni: tíṣà ń kọ́ mi, mo ń kọ́ iṣẹ́, "teach" nìyí, "learn" nìyẹn. "Gbọ́" ló sì mú mi jù, torí mo ti kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ aláìsàn ní wọ́ọ̀dù rí, pé aboyún kan "is hearing the smell of food and vomiting". A ń gbọ́ ọ̀rọ̀, a ń gbọ́ òórùn, a tún ń gbọ́ èdè. Gẹ̀ẹ́sì ní "hear", ó ní "smell", ó ní "understand". Màmá tún fi kún un pé àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe bẹ́ẹ̀, "hear", "know", "want", "believe", kì í sábà gba "-ing" bí ọ̀rọ̀-ìṣe wa ṣe ń gba "ń". "Mò ń gbọ́" dára ní Mọ̀pà, "I am hearing you" kò dára nínú ìdánwò.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni mo rò pé ó fún mi ní ààbọ̀ máàkì tí mò ń wá, nítorí náà n ó dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ "tí" ni. Yorùbá kò dá "tí" sí: ọkùnrin tí ó wá, ìwé tí mo rà, ilé tí wọ́n bí mi sí, ọjọ́ tí òjò rọ̀, obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló so gbogbo wọn. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹni ni "who", nǹkan ni "which", ibi ni "where", ìgbà ni "when", bí nǹkan bá sì jẹ́ ti ẹni náà, "whose" ni. Àwa máa ń mú "that" kan, a ó fi ṣe gbogbo rẹ̀, a ó wá fi "her" tàbí "his" dí ihò tó kù. "A woman that her blood pressure is high." Mo ti kọ gbólóhùn yẹn lẹ́nu iṣẹ́ tó ìgbà ọgọ́rùn-ún, dókítà kà á, ó yé e, ó kọjá. Ẹni tó ń máàkì IELTS kò ní kọjá. "A woman whose blood pressure is high" ni wọ́n ń retí.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ pé mo ń ṣe àṣìṣe yìí, mo ní kí n sá fún un. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ gbólóhùn kúkúrú kúkúrú: ẹni kan ṣe èyí, ẹni kan ṣe ìyẹn. Màmá kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ṣàlàyé pé ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n fi ń díwọ̀n ìwé kíkọ nínú IELTS, ìwọ̀n kan náà sì ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: bí o ṣe dáhùn ìbéèrè, bí ọ̀rọ̀ rẹ ṣe so pọ̀, bí àká ọ̀rọ̀ rẹ ṣe tó, àti gírámà. Gírámà yìí gan-an ní ojú méjì, pé kó péye àti pé kó gbòòrò. Ẹni tó ń kọ gbólóhùn kúkúrú nìkan lè má ṣi ọ̀rọ̀ kan, máàkì rẹ̀ kò sì ní gòkè, nítorí kò fi han ẹnikẹ́ni pé òun lè hun gbólóhùn. Wọ́n ní kí n kọ gbólóhùn 20 tó ní "whose" lórí àwọn aboyún tí mo rí lọ́sẹ̀ yẹn, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo kọ 20. Wọ́n ní kí n tún kọ 20. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, "whose" ti ń jáde lẹ́nu mi ní wọ́ọ̀dù kí n tó rò ó.

Ọ̀rọ̀ "a" àti "the" gba ìparí ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, kí n má parọ́, kò tíì tán lára mi dòní. Yorùbá kò ní wọn. A lè sọ pé "mo ra ìwé", kí ó dákẹ́ síbẹ̀. Ohun tí Màmá fún wa di mú ni pé kí a dán "kan" àti "náà" wò. Bí ọ̀rọ̀ náà bá gba "kan", "a" ló sábà máa ń jẹ́. Bí ó bá gba "náà", tí ẹni tó ń kà á ti mọ èyí tí a ń sọ, "the" ni. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa títí o ó fi dé ibi tí kò ti ṣiṣẹ́. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé "oòrùn náà ti yọ" nílẹ̀ wa bí kò ṣe pé oòrùn méjì ló wà, ṣùgbọ́n "the sun" ni Gẹ̀ẹ́sì. Mo tún rántí pé inú mi dùn gan-an nígbà tí wọ́n mú àpẹẹrẹ láti ibi iṣẹ́ mi: ní Gẹ̀ẹ́sì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó "is in hospital" wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀, ẹni tó "is in the hospital" kàn wà nínú ilé náà, ó lè jẹ́ èmi tàbí ẹni tó ń gbálẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ ló ya aláìsàn sọ́tọ̀ kúrò lára nọ́ọ̀sì.

Ti ọ̀rọ̀-orúkọ tó ṣeé kà àti èyí tí kò ṣeé kà, abọ́ àtẹ ni wọ́n fi kọ́ wa. Wọ́n gbé e wá láti ilé ìdáná: iṣu mẹ́ta, ẹyin, ìrẹsì, gààrí, iyọ̀, ẹ̀wà. Iṣu àti ẹyin gba "many", ìrẹsì àti gààrí àti iyọ̀ gba "much", wọn kì í sì í gba "s". Ẹ̀wà nìkan ló ṣòro, ọ̀pọ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì kà á sí, "the beans are", kì í ṣe "the beans is" tí gbogbo ọjà ń sọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ pé àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí ojú wa rí bí iṣu, tí Gẹ̀ẹ́sì sì rí bí iyọ̀: "advice", "information", "equipment", "furniture", "luggage". Àwa lè ka ìmọ̀ràn ní méjì, ní mẹ́ta, ìdí nìyẹn tí "advices" fi ń bọ́ lẹ́nu wa. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnìkan bá fi "s" sí "equipment", gbogbo kíláàsì á pariwo pé "Iyọ̀ ni!" Èmi àti ọ̀rẹ́ mi tí a jọ kàwé ṣì ń sọ ọ́ fún ara wa lórí WhatsApp.

Ọ̀rọ̀ atọ́kùn kò gbà wá lákòókò tó bẹ́ẹ̀. "Ní" wa ń ṣe "in Kabba", "at 9 o'clock", "on Saturday", ẹ kàn há wọn sórí. Bákan náà ni "discuss about" àti "emphasise on": ẹ yọ ìrù wọn kúrò.

Àsìkò ọ̀rọ̀-ìṣe ni mo rò pé mo mọ̀ tẹ́lẹ̀, kò sì rí bẹ́ẹ̀. "Lọ" wa kì í yí padà, lánàá, lónìí, lọ́la, àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké iwájú rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ náà. "Ti" wa sì lè bá "lánàá" gbé pọ̀ láìjà: mo ti rí i lánàá. Ní Gẹ̀ẹ́sì, "I have seen him yesterday" kò ṣeé sọ. Bí o bá ti dárúkọ àkókò tó ti kọjá, "saw" ni. Ibi tí èyí ti ń pa ènìyàn lára jù ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ nínú ìwé kíkọ, níbi tí wọ́n ti máa ń fún ọ ní àwòrán ìlà tàbí ọ̀pá tó ń fi bí iye nǹkan ṣe lọ sókè sódò hàn, tí o ó sì ṣàpèjúwe rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ 150, ó kéré tán. Bí àwòrán bá ní 1990 sí 2010, gbogbo "has increased" tí o bá kọ síbẹ̀, àṣìṣe ni. Màmá kà á nínú tèmi: 7 nínú àròkọ kan.

N kò retí pé gírámà yóò wọ inú ìtẹ́tísílẹ̀, ṣùgbọ́n ó wọ̀ ọ́. Ìbéèrè 40 ni, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń jẹ́ kí o gbọ́ ohùn náà, bí ìdáhùn bá sì jẹ́ "tickets" tí o kọ "ticket", kò sí máàkì. Etí wa kò gbọ́ "s" ìparí yẹn dáadáa, Màmá sì sọ ìdí rẹ̀: kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá kankan tó parí sí kọ́ńsónáǹtì. Èyí tó bá wá láti òkèèrè, a ó fi fáwẹ̀lì sí i ní ìdí kí ó tó lè jókòó sẹ́nu wa: bọ́ọ̀sì, búrẹ́dì, tábìlì, bọ́ọ̀lù. Wọ́n á fi ìwé bo ẹnu wọn kí a má lè wo ètè wọn, wọ́n á ka "cat, cats, cost, costs", a ó kọ ohun tí a gbọ́. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mo gba 11 nínú 20. Nọ́ọ̀sì tó gba 7.5 nínú ìtẹ́tísílẹ̀! Ó jọ pé ọgbọ́n orí ni mo fi gba ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n wá kọ́ wa láti wo àlàfo náà kí ohùn tó bẹ̀rẹ̀: bí "a" bá wà níwájú rẹ̀, ẹyọ kan ni, bí "several" bá wà níbẹ̀, "s" ń bọ̀, kí etí gbọ́ ọ tàbí kó má gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ sísọ jẹ́ ìṣẹ́jú 11 sí 14, ìwọ àti ẹni kan ní ojúkojú. Apá kejì rẹ̀ ni wọ́n ti ń fún ọ ní káàdì, wọ́n á fún ọ ní ìṣẹ́jú kan láti ronú, ìwọ á sì sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú kan sí méjì. A máa ń ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn. Ọjọ́ kan, káàdì bọ́ sọ́wọ́ arákùnrin kan láti Bùnú tó fẹ́ lọ kàwé ní Kánádà, pé kó sọ nípa ẹni tó fẹ́ràn. Bàbá rẹ̀ tó ti kú ló mú. "They were a farmer. They planted cashew. They sold it and paid my school fees." Ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ dé òpin, Màmá kò dá a dúró. Nígbà tó parí, wọ́n ní kó tún un sọ, kó fi "he" sí i. Kò lè sọ ọ́. Ó ní bí òun bá fẹ́ pe bàbá òun ní "he", ó ń ṣe òun bí ìgbà tí òun pe bàbá ní "ó". Yàrá dákẹ́. Màmá jókòó tì í, wọ́n sọ fún un pé èdè Gẹ̀ẹ́sì kò fi ọ̀wọ̀ sínú arọ́pò orúkọ bíi tiwa, pé ọba ilẹ̀ wọn pàápàá, "he" ni wọ́n ń pè é, kò sì dín kù. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó lè sọ ọ́. Omi wà lójú èmi àti àwọn méjì mìíràn.

Àṣìṣe tèmi yàtọ̀ sí tirẹ̀. Bí mo bá ń yára, "he" ni mò ń pe ìyá mi, "she" ni mò ń pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, nítorí "ó" kan náà ni fún gbogbo wọn nílé wa. Màmá ní kí n máa sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi mọ́ mi lára. Wọ́n tún kọ́ wa ní ohun tí mo rò pé gbogbo nọ́ọ̀sì Yorùbá tó ń lọ sí ìlú òyìnbó gbọ́dọ̀ mọ̀, ìdánwò tàbí láìsí ìdánwò. Bí wọ́n bá bi wá pé "Ṣé o ò tíì jẹun?" tí a kò sì tíì jẹun, "Bẹ́ẹ̀ ni" ni ìdáhùn wa. Ní Gẹ̀ẹ́sì, "No" ni. Ẹ fojú inú wo aláìsàn tí wọ́n fẹ́ gbé lọ fún iṣẹ́ abẹ, tí dókítà bi ọ́ pé "She hasn't eaten?" tí ìwọ sì dáhùn pé "Yes". N kò lè gbàgbé àpẹẹrẹ yẹn láé.

Ó wá ku ibi tí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ìtẹ́tísílẹ̀ gidi, ìyẹn ti ohùn òyìnbó, orí fóònù Màmá ni a ti ń gbọ́ ọ, sípíkà kékeré kan ló wà níbẹ̀. Bí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò á bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo ra ìyapíìsì ti ara mi, mo ń gbọ́ ọ nílé. Àga 14 ni mo sọ pé ó wà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta a ti di 19, àwọn kan ń jókòó sórí ìjókòó onígi níta fèrèsé. Àròkọ tí wọ́n máa ń máàkì dá padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan wá ń gba ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà tí ó bá sì fi padà dé ọwọ́ rẹ, o ti gbàgbé ohun tó wà lọ́kàn rẹ nígbà tí o kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ohun tó wà lọ́kàn yẹn gan-an ni ìdí iṣẹ́ wọn. Mo sọ ọ́ fún wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Wọ́n gbà, wọ́n ní àwọn kò lè lé ẹnikẹ́ni padà. Ó yé mi, síbẹ̀ mo fẹ́ kí wọ́n pín wa sí méjì.

Ìwé kíkà, a fẹ́rẹ̀ẹ́ má fọwọ́ kàn án. Ìbéèrè 40 ní ìṣẹ́jú 60 kì í ṣe eré, ẹni tí apá yẹn bá ń dà láàmú kò ní rí ohun tó pọ̀ níbí. Gbogbo iṣẹ́ wa, báírò ni a fi ṣe é. Kò sí kọ̀ǹpútà kankan. Bí ó bá jẹ́ orí kọ̀ǹpútà ni ẹ fẹ́ ti ṣe ìdánwò, ẹ ti máa tẹ̀ ẹ́ nílé, torí ọ̀rọ̀ 250 ti iṣẹ́ kejì nínú ìwé kíkọ kì í fi ìka kan parí. Iṣẹ́ kejì yẹn ló sì ní máàkì ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́. Bákan náà, Màmá kì í kọ́ni ní OET, ìdánwò tí wọ́n ṣe fún àwa òṣìṣẹ́ ìlera, tí NMC náà ń gbà. Ẹni tó bá fẹ́ ìyẹn, kó wá ibòmíràn.

Mo padà sí Àbújá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 8. Ìtẹ́tísílẹ̀ 8, ìwé kíkà 7, ọ̀rọ̀ sísọ 7.5, ìwé kíkọ 7. Ìwé kíkà kò sún rárá, ẹ sì ti rí ìdí rẹ̀ lókè. Nígbà tí mo pe Màmá, wọn ò béèrè àpapọ̀ máàkì. Wọ́n béèrè pé "whose" mélòó ni mo lò. Mo ní mẹ́ta. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó tó.

Bí n bá fẹ́ fún kíláàsì náà ní ìràwọ̀, 4 nínú 5 ni. Ìràwọ̀ kan tó kù wà nídìí sípíkà àti èrò tó pọ̀ jù. Ẹni tí ìdánwò rẹ̀ bá ku ọ̀sẹ̀ méjì péré, n ò ní sọ fún un pé kó wá, ọwọ́ kò ní tó nǹkan. Ẹni tó bá ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan, tí ìwé kíkọ sì dá a padà ní 6 tàbí 5.5, tí kò mọ ohun tó ṣe, ẹni yẹn ni mo ń kọ èyí fún. Ẹ má sì jẹ́ kí èsì yín pẹ́ nílé lẹ́yìn tí ẹ bá gbà á, ọdún 2 ni wọ́n ń kà á sí.

Kíláàsì tuntun máa ń bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù. Ẹ dé kí aago 9 tó lù kí ẹ lè rí àga jókòó nínú ilé. Ẹ mú nóòtù tó nípọn dání, kí ẹ sì fa ìlà sí àárín ojú ewé àkọ́kọ́ kí ẹ tó wọlé.